Orúkọ Tí Kò Gba Ilé Là

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jẹ́ pé ilé gan-an ni a fẹ́ sọ lórúkọ, kí ni à á wò? Ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, ní gbàgede Tinúbú l'Ékòó, ni ó bí ìbéèrè yìí.

Nǹkan bí ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni; orí àwọn ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, wọ́n sì fi ìrẹ́lé ṣe ọnà sí wọn lára. Ẹni tí ó bá pè é ní àwòkọ lásán kò wò ó dáadáa. Ọ̀dọ̀ àwọn Pọtogí ni ìlànà náà ti ṣẹ̀, ó gba Bùràsíìlì kọjá, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú dé sì gbé e wá fún Èkó. Bíríkìlà àti káfíńtà ni púpọ̀ nínú wọn. Ọgbọ́n ọwọ́ wọn ni ẹrù tí wọ́n rù bọ̀.

Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya ra ilé náà. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìkéde náà tọ́, n kò bá a jà. Ibi tí ó kù sí ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Láàrin wa, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ a máa sọ owó sínú àwo kí ó tó la ẹnu. Ìjọba sọ ilé lórúkọ, ṣùgbọ́n ti onílé ni ilé ṣì jẹ́. Bí òrùlé bá ń jò, bí igi àjà bá ń jẹrà, ta ni yóò sanwó? Orúkọ lásán kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Tinúbú nìyẹn, níbi tí ẹsẹ̀ bàtà kan ti ń mówó wọlé!

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ó fi jẹ́ orúkọ náà.

Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópó Martins, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, Àgùdà kan, ni ó kọ́ ọ, ó sì wà lórí ìdúró. Ẹnìkan lè sọ pé mọ́ṣáláṣí kì í ṣe ẹgbẹ́ ilé gbígbé. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn tí ń wọlé kírun lójoojúmọ́ ni mo ń wò. Ilé tí èèyàn ń lò ní olùtọ́jú. Ta ni Ilojo ní, yàtọ̀ sí ìwé tí ó wà nínú fáìlì?

Àwọn ilé mìíràn ṣì wà ní Pópó Àgùdà tí ògiri wọn ti ń là. Kí wọ́n tó kéde ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ bá onílé jókòó lórí owó páànù.