Gbérí: Iṣẹ́ Awọ Lára Ẹ̀wù Ogun ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Bí gbérí, ẹ̀wù olóògùn tí jagunjagun àti ọdẹ ń wọ̀, bá wà lọ́rùn ọdẹ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, oògùn ara rẹ̀ ni gbogbo ẹnu máa ń sọ. Oògùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dá ẹ̀wù náà lẹ́jọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ọwọ́ oníṣẹ́ awọ, nítorí òun ló so oògùn mọ́ aṣọ.

Aṣọ kíjìpá tó ki ni ìpìlẹ̀. Wọ́n á rán an ní ẹ̀wù kúkúrú, kí apá lè ráyè fa ọrun tàbí gbé ìbọn. Oníṣègùn á wá fi aṣọ di egbò, àgúnmu tàbí ìwé tí àfáà kọ, á fi òwú wé e pinpin. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ awọ ti bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ awọ á rẹ awọ ewúrẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀. Á fi bo ìdì náà nígbà tó ṣì tutù, á ká etí rẹ̀ sínú, á fi òlu dá a lu, á sì fi ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ rán an. Bí awọ náà bá ti ń gbẹ ni yóò máa sún kì, tí yóò fún ohun inú rẹ̀ mọ́ra. Oǹdè nìyẹn, bí ó bá jẹ́ ti àfáà, tírà ni. Wọ́n á tò wọ́n sí àyà àti ẹ̀yìn títí kíjìpá yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Ìfúnpá á wà lápá, ìgbàdí á yí ìbàdí ká.

Àwọn ará Scythia, tí wọ́n ń gẹṣin jagun ní àríwá Òkun Dúdú ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, náà lo awọ lára ẹ̀wù ogun, ṣùgbọ́n wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ìpẹ́ irin, idẹ tàbí egungun ni wọ́n ń rán mọ́ awọ, tí ọ̀kan ń gorí èkejì. Ní Yanghai, ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Ṣáínà, wọ́n hú ẹ̀wù ogun kan láti ìgbà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé awọ ni ìpẹ́ rẹ̀ gan-an, ó lé ní 5,000. Ẹ̀wù tiwọn fúnra rẹ̀ ló ń kojú ọfà. Awọ tiwa ń ṣọ́ ohun tí ọmọ ogun gbà pé yóò ṣọ́ òun.

Síbẹ̀, èmi kò gbà pé ìgbàgbọ́ nìkan ló wà nínú gbérí. Nígbà tí wọ́n ń fi àdá àti idà jagun, kíjìpá tó ki pẹ̀lú oǹdè tó tò gbá-gbá-gbá lè dín agbára ojú irin kù kó tó kan ẹran ara. Ìbọn ló ba èyí jẹ́. Nígbà ogun Kírìjì, tó parí ní 1893, ìbọn tuntun tí àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ kó dé fi hàn pé kò sí ìránṣọ tó lè dá ọta dúró. Gbérí kò tìtorí ìyẹn kásẹ̀ nílẹ̀; ó di ẹ̀rí pé ẹni tó wọ̀ ọ́ jẹ́ akọni.

Awọ ẹkùn wà ní tirẹ̀. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, kà á mọ́ àmì oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, oyè olórí ogun tí Tóyèjẹ Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ, tí Ládòkè Akíntọ́lá náà sì jẹ. Ipò ni awọ ẹkùn ń sọ. Awọ ewúrẹ́ ara gbérí ni ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé lórí gbérí, ẹ má dákẹ́ síbi oògùn. Ẹ béèrè irú awọ tó jẹ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an, kí ẹ sì kọ orúkọ oníṣẹ́ tó rán an sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè.