Kí Ìlù Má Baà Kólòlò: Lórí Yíyan Ampilifáyà fún Olólùfẹ́ Ohùn Gílóòbù

Ohùn gílóòbù ti di ohun tí àwọn olólùfẹ́ orin fi ń yangàn. Ẹ bi wọ́n léèrè irú ampilifáyà tó dára, wọn á ní onígílóòbù ni. Wọn á ní ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́, pé ó dùn, pé ó ń yọ́ létí bí òrí. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, orúkọ tí wọ́n fún adùn náà kò bá a mu tán, nítorí apá kan péré nínú rẹ̀ ló ti inú gílóòbù wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ra adùn yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ilé tó ń gbé, kó tó tú àpò.

Gílóòbù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí a ń fi kọ́ òkè àjà. Ìgò kékeré ni, tí wọ́n fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, tí wáyà inú rẹ̀ sì ń pọ́n bí ẹyin iná. Fleming ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1904. De Forest ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀yà kan kún un ní 1906. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló ń gbé ohùn rédíò àti ti giramafóònù sókè, títí tiransísítọ̀ tí wọ́n ṣe ní iléeṣẹ́ Bell ní ìparí 1947 fi bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kúrò nílé onílé. Ampilifáyà tí mò ń sọ níhìn-ín sì ni èyí tí gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí kan ṣoṣo: ó ń gba ohùn tínrín lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí ń yí àwo, ó ń dín in kù tàbí kó fi kún un bí a ṣe fẹ́, ó sì ń fún un lágbára tí yóò fi ti sípíkà.

Bàbá kan ní Ìtagúnmódì, nítòsí Iléṣà, ló mú kí n ro ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, wọ́n sì ní àwo orin tó kún àpótí. Àwo I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, pọ̀ níbẹ̀. Àwo Haruna Ishola tó ń jẹ́ Oroki Social Club, tó jáde ní 1971 fún ẹgbẹ́ àwọn ará Òṣogbo, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ta kòkó, wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn yan ampilifáyà. “Ohùn bíi ti rédíógírámù bàbá mi ni mo fẹ́ gbọ́ o, ìwọ ọmọ yìí. Onígílóòbù ni kí o wá fún mi.”

Kí ni ó wà nínú rédíógírámù yẹn? Gílóòbù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun mìíràn tó wà níbẹ̀. Pákó ńlá ni gbogbo àpótí rẹ̀, tó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù, tó sì ń bá orin gbọ̀n. Sípíkà inú rẹ̀ fẹ̀, ojú rẹ̀ jẹ́ bébà fífúyẹ́, tó jẹ́ pé agbára díẹ̀ ti tó o láti fi sọ̀rọ̀. Àwọn àwo tí wọ́n ń fi sí i lórí náà, gílóòbù ló wà nínú púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ohùn wọn sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1960. Ìyẹn ni pé bí adùn gílóòbù bá wà, ó ti wọ inú àwo kí àwo náà tó dé Ìtagúnmódì. Ẹ wá fi ìgbà èwe Bàbá kún un. Ta ni yóò ta ìyẹn fún wọn ní ọjà?

N kò sọ pé gílóòbù kò ṣe nǹkan kan. Ó ń ṣe é. Bí ohùn kan bá gba inú rẹ̀ kọjá, ó máa ń fi ohùn mìíràn tẹ̀ lé e, èyí tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Etí ènìyàn kì í kórìíra èyí, nítorí pé ó bá ohùn àkọ́kọ́ mu. Bí ọmọdé ṣe ń bá àgbà gberin ni. Bí a bá sì tì í kọjá agbára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń tẹ̀, nígbà tí tiransísítọ̀ máa ń gé ohùn lójijì, tí a óò sì gbọ́ ọ bí ìgbà tí aṣọ ya. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ampilifáyà onígílóòbù, pàápàá àwọn kéékèèké, kì í di sípíkà mú ṣinṣin. Nígbà tó yẹ kí ohùn ìsàlẹ̀ dúró, sípíkà ṣì ń mì lọ.

Ibí yìí gan-an ni mo ti yapa sí àwọn tó kàn ń yin adùn. Fún ẹni tó ń gbọ́ fèrè àti dùùrù, kí ohùn ìsàlẹ̀ rọ̀ díẹ̀ lè má jẹ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ìlù tiwa ń sọ̀rọ̀. Lórí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ìtumọ̀ dúró sí: bí onígángan bá fún awọ pọ̀, ọ̀rọ̀ kan ni, bó bá dẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Bí ohùn kan bá wọ́ mọ́ èkejì, oríkì di ariwo. Àgídìgbo inú àpàlà náà rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá dúró níbi tó yẹ kó dúró, gbogbo ẹsẹ̀ orin ni yóò rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìdánwò tí mo gbé ka iwájú ampilifáyà kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ a gbọ́ ohun tí ìlù wí?

A gbé àwo àti sípíkà Bàbá lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Iléṣà. Sípíkà kékeré tòkúnbọ̀ ni wọ́n ní, irú èyí tí wáàtì 1 ń mú ohùn dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 86 jáde nínú rẹ̀. A kọ́kọ́ so ó mọ́ ampilifáyà onígílóòbù tí kò ju wáàtì 8 lọ. Ohùn Dairo jáde, ó dùn, akọ́díọ̀nù rẹ̀ ń dán. Nígbà tí ìlù wọlé, Bàbá yí ojú padà. “Ó ń sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ̀kọ wà lẹ́nu rẹ̀.” A wá so ó mọ́ NAD 3020, ẹ̀rọ tiransísítọ̀ oníwáàtì 20 tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970. Àwọn tó ṣe é fi ọgbọ́n kan sí i tí ohùn rẹ̀ fi ń rọra tẹ̀ bíi ti gílóòbù bí a bá tì í kọjá agbára rẹ̀. Adùn orí ohùn dín díẹ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ ìlù pè tẹ̀ lé onílù.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Wáyà inú gílóòbù ńlá ń fẹ́ fólítì 6.3 gééré. Bí iná ilé bá já láti 230 sí 170, fólítì 4.7 péré ló kù fún un, bó bá sì ń pẹ́ bẹ́ẹ̀, gílóòbù náà kò ní pẹ́ láyé. EL34 mẹ́rin ń jẹ wáàtì bíi 38 láti gbóná nìkan, kí wọ́n tó kọ orin kankan. Ẹni tó ń lo íńfátà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí gílóòbù bá sì kú, láti Rọ́ṣíà, Ṣáínà tàbí Sìlòfákíà ni ọ̀pọ̀ tuntun ti ń wá.

Ẹni tó bá ń lọ ra tòkúnbọ̀ ní Alábà, kó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò kó tó wo iwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 100 síbẹ̀, ti Jàpáánù ni. Bí wọ́n bá kọ 120, ti Amẹ́ríkà ni. Iná wa yóò sun méjèèjì bí kò bá sí ẹ̀rọ tí ń dín iná kù láàárín. Kó tún wá ojú ihò tí wọ́n kọ “phono” sí, nítorí ohùn tó ń ti abẹ́rẹ́ àwo wá kéré jọjọ. Ọ̀pọ̀ ampilifáyà onígílóòbù òde òní kò ní ihò yẹn, owó mìíràn ni a óò sì fi ra ohun tó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ẹni tí iná rẹ̀ dúró déédéé, tó sì ní sípíkà ńlá tí wáàtì 1 ń mú dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 95 jáde nínú rẹ̀, kó ra onígílóòbù tó ń lo EL84 méjì méjì fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Wáàtì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ yóò tó o, kò sì ní kábàámọ̀. Ẹni tí kò bá ní méjèèjì, kó ra tiransísítọ̀ tó dára, kó sì fi owó tó kù wá sípíkà onípákó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: sípíkà ni ilé ohùn, òun ni kí á kọ́kọ́ tún ṣe.

Àwọn kan yóò ní mo fẹ́ gba iná pupa yẹn lójú olólùfẹ́ rẹ̀. Rárá o. Bàbá ra ẹ̀rọ tiransísítọ̀ náà, ọkàn wọn kò sì tíì kúrò lára gílóòbù. Ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí wọ́n ti ń fọ wúrà nínú ẹrẹ̀, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, wọn kì í fi dídán tà á. Onílù tó lu ìlù inú àwo wọ̀nyẹn lè ti lọ, ọ̀rọ̀ tó fi ìlù sọ ṣì wà níbẹ̀. Ampilifáyà tó bá jẹ́ ká gbọ́ ọ yékéyéké, yálà ó ń pọ́n bí ẹyin iná tàbí kò pọ́n, òun ló yẹ ká san owó kòkó lé lórí.