Ìlù, Adé àti Ẹnu Ará Ìlú: Àgbéyẹ̀wò Sinimá Saworoidẹ

Nínú gbogbo sinimá àgbéléwò tí a ti ṣe ní èdè Yorùbá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ eré ṣì ń jiyàn lé lórí lẹ́yìn ogún ọdún. Ọ̀kan nínú wọn ni Saworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́ rí: ìwé Ìṣọ̀lá tí ń jẹ́ Ó Le Kú, tí ó jáde ní ọdún 1974, ni Kèlání sọ di sinimá ní ọdún 1997. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ti ìṣáájú. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni ti ìkẹyìn yìí, ó sì bọ́ sí ọdún náà gan-an tí àwọn ológun gbé ìjọba Nàìjíríà fún alágbádá.

Ní ìlú Jogbo, májẹ̀mú wà láàárín ọba àti ará ìlú. Ẹni tí yóò jọba níláti gba gbẹ́rẹ́ kí ó tó dé adé idẹ. Bí ẹni tí kò gbà á bá dé adé náà, tí a sì lu ìlù saworoidẹ sí i létí, orí yóò máa fọ́ ọ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Lápité mọ èyí dájú, síbẹ̀ ó kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́, nítorí pé owó ni ó bá dé orí oyè, kì í ṣe ìfẹ́ ìlú. Àwọn agégẹdú ń wó igbó lulẹ̀, ìyà ń jẹ àgbẹ̀, ọba àti ìjòyè sì ń pín owó. Nígbà tí ó yá, Lágàta ológun gba ìjọba. Òun pẹ̀lú gbé adé lérí. Ìlù dún, ó sì kú.

Ibi ikú yìí ni àríyànjiyàn wà. Àwọn kan wí pé ẹ̀tàn ni, pé kò sí ìlú kan tí ìlù ti gbà kúrò lọ́wọ́ ológun, àti pé eré tí ó bá fi oògùn ṣe ìdáǹdè ń kọ́ àwọn ènìyàn láti káwọ́ gbera. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo eré náà yóò rí i pé ìlù kì í dá dún. Ní gbogbo àkókò tí Lápité fi wà lórí oyè, agbára wà nínú saworoidẹ, síbẹ̀ nǹkan kan kò ṣe é, nítorí pé Àyàngalú ti gbé ìlù sá lọ, àwọn ìjòyè tí wọ́n sì mọ òtítọ́ pa ẹnu mọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Saworoidẹ dàbí ìwé òfin tí a tì mọ́ inú àpótí: kò wúlò àfi bí ẹni tí ó lè kà á bá ní ìgboyà láti ṣí i. Ènìyàn ni ó gba Jogbo là. Ìlù ni ohun èlò ọwọ́ rẹ̀.

Ohun kan náà ni orin inú eré náà ń wí. Nínú ọ̀pọ̀ sinimá wa, orin kì í ṣe ju kí ó tún ohun tí ojú ti rí sọ. Níhìn-ín, orin ni ó ń sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì ńlá, ni ó ṣe Ọ̀pálábá, bàbá tí ó ń fi òwe àti àwàdà bo òtítọ́ lójú. Bẹ́ẹ̀ ni onílù ààfin ti rí láti àtètèkọ́ṣe: ohun tí ìjòyè kò tó wí fún ọba, ìlù lè wí i, kí ọba má sì bínú.

Àbùkù kò ṣàì sí. Lágàta tètè dé, ó sì tètè lọ. Òǹwòran kò rí bí ológun ṣe ń ṣe ìjọba tó bí ó ti rí ti Lápité. Bẹ́ẹ̀ náà ni ikú ọba nìkan kò tún ìlú ṣe. Ó jọ pé àwọn tí ó ṣe eré náà mọ èyí, nítorí pé nínú Agogo Èèwọ̀, tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 2002, orí àwọn ìjòyè ni ọ̀rọ̀ ìbúra wá kàn.

Ohun tí ó yẹ kí ó ba olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù jùlọ wà lẹ́yìn eré náà. Ìlù tí ó lè dá ọba lẹ́jọ́ níláti rí ẹni tí yóò lù ú, àti ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń wo Saworoidẹ lónìí ń gbọ́ dídún ìlù, wọn kò gbọ́ ohun tí ó ń wí. Bí ó bá di ọjọ́ tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù mọ́, a lè lu saworoidẹ sí Lápité létí, kí ó dìde, kí ó máa jó. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi sinimá yìí kọ́ni, kí ó kọ́kọ́ pe onílù wá sí kíláàsì.