Ọwọ́ Tó Gbẹ́ Ilẹ̀kùn Ilé Olúwa

Ẹ̀yin ará, ẹ yí ogún náírà padà, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, ọmọ Kwali wa níbí. Ìkòkò omi ló ń mọ, ṣùgbọ́n ó máa ń fín alángbá, ejò àti ẹja sí i lára, títí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé òkè òkun. À ń ná owó yìí, à ń fi í sínú àpò ọrẹ, síbẹ̀ tá a bá fẹ́ ṣe ilé Olúwa lọ́ṣọ̀ọ́, òdòdó oníke àti kàlẹ́ńdà Jésù olójú búlúù la máa ń sáré rà. (Ta ló tiẹ̀ sọ fún wa pé ojú Rẹ̀ búlúù?)

Ẹ̀rù ère ló ń bà wá. Ọwọ́ tó ti gbẹ́ ère òrìṣà, ṣé ó yẹ kó kan ilé Ọlọ́run?

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Lára àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ ni George Bándélé, ọmọ Àreògún ará Òsì, ògbólógbòó agbẹ́gilére tó gbẹ́ ère ẹ̀pa. Wọn ò ní kí Bándélé gbẹ́gi bí òyìnbó. Ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n fún un, ó sì gbẹ́ ẹ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbẹ́gi.

Iṣẹ́ Ìbí Jésù ló wù mí jù. Àwọn amòye ìlà-oòrùn di ọba Yorùbá, tàdétàdé. Ẹni tó mọ̀ pé ọba kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò nílò ìwàásù mọ́: ọba aládé ló rin ìrìn àjò wá kí ọmọ ọwọ́ nínú ibùjẹ ẹran! Àwòrán kàlẹ́ńdà ò lè sọ ìyẹn fún ìyá àgbà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní yìn ín tán. Ère Yorùbá máa ń ní orí ńlá àti ojú tútù. Agbẹ́gilére wa kì í fi ìrora hàn lójú ère. Ó bá ọba mu, ó bá Màríà mu. Tó bá wá di orí igi àgbélébùú, ìtutù yẹn ń dín oró Kálfárì kù, lójú tèmi.

Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ará Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́. Mùsùlùmí ni. Òun ló sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1954. Àwọn kan máa ní ọwọ́ aláìgbàgbọ́ ti kó èérí bá a. Ṣé wọ́n ti gbàgbé Hírámù ará Tírè, ẹni tí Sólómọ́nì ránṣẹ́ pè wá rọ ọ̀wọ̀n bàbà fún tẹ́ńpìlì? Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì. Mo sì tíì rí ẹni tó ń kúnlẹ̀ bọ ilẹ̀kùn; ṣe la máa ń ṣí i wọlé.

Irin ni ilẹ̀kùn tiwa ní Kwali níbí. Bí àwọn àgbà ìjọ bá gbà ká gbẹ́ ti igi, ìtàn obìnrin ará Samáríà létí kànga ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ sí i. Kí wọ́n fín alángbá sára ìkòkò rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìkòkò náà lé e léjìká, bí àwọn ìyá Gbagyi ṣe ń ru ẹrù, kó má jẹ́ orí bíi tiwa.