Ìbọn Tó Bá Èjìká Mu
Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, òfin kò gba ráífù fún ọdẹ àgbọ̀nrín, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé ṣọ́tígọ́ọ̀nù wọ igbó. Bí ọdẹ tó mọṣẹ́ ṣe ń yan tirẹ̀ wù mí púpọ̀. Á wọ ẹ̀wù òtútù tó máa wọ lọ sígbó, á dijú, á gbé ìbọn tí kò lọ́ta nínú sí èjìká, á wá lajú. Bí ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí àmì ìfojúsùn láìjẹ́ pé ó ń na ọrùn, ìbọn náà bá a mu. Èyí tí ìdí rẹ̀ gùn jù á há mọ́ ẹ̀wù lábíyá. Èyí tó kúrú jù, àtàǹpàkò ọdẹ fúnra rẹ̀ lè gbá a nímú.

Lẹ́yìn ìdí ìbọn, ó kan àmì ìfojúsùn. Kóró kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn tó láti fi fojú sun ẹyẹ, ṣùgbọ́n ọta ẹyọ kan tí wọ́n ń yìn fún àgbọ̀nrín ń fẹ́ ìfojúsùn tó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá kò sì wúlò tó bẹ́ẹ̀ nínú igbó dídí, níbi tí àgbọ̀nrín ti lè yọ lójijì nítòsí: irun nìkan ni ọdẹ á máa rí. Awò alámì pupa ni èmi fara mọ́, nítorí ojú méjèèjì ló ń là sílẹ̀. Àmọ́ ó máa ń ga, àfi kí ọdẹ fi nǹkan lé ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi sí. Lẹ́yìn náà, á fi oríṣiríṣi ọta dán ìbọn náà wò, torí ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ọta tó fẹ́.