Ọkàn Tó Gbọgbẹ́ àti Ohùn Sàláwà Àbẹ̀ní

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé Kàdúná, gbogbo wa la mọ̀ pé bí ilé ọkọ bá tú mọ́ obìnrin lórí nílẹ̀ òkèèrè bí irú èyí, ìyà rẹ̀ jù ti ẹni tó wà nílé lọ. Ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí, àwọn ẹbí tí ì bá dá sí ọ̀rọ̀ náà wà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú. Orin ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sùn. Nínú àwọn olórin tí àwọn obìnrin wa máa ń dárúkọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, Sàláwà Àbẹ̀ní wà níwájú.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ohùn rẹ̀ dùn, ó sì ń pa ìrònú rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àlàyé yẹn kò tó. Wákà kì í ṣe orin ẹkún. Láti ayé Bàtílì Àlàkẹ́ tó kọ́kọ́ gbé e sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, orin ayẹyẹ àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni. Sàláwà kò ju ọmọ ọdún 15 lọ nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976, ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed ló sì fi ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Murtala Square kọjá lọ síbi iṣẹ́, ẹ má gbàgbé pé ọmọdébìnrin Ìjẹ̀bú kan bá ilẹ̀ Hausa dárò ọmọ wọn. Nínú ìdárò pàápàá, ohùn Sàláwà kì í bẹ̀bẹ̀. Ó máa ń dúró gbọn-in lórí ìlù, àwọn elégbè á sì máa gbè é. Ìdúró yẹn ni àwa rò pé àwọn obìnrin ń gbọ́.

Ẹ tún wo ìgbésí ayé rẹ̀. Lateef Adépọ̀jù, ẹni tó ni Leader Records tó ń gbé orin rẹ̀ jáde, ló kọ́kọ́ fẹ́. Wọ́n pínyà ní 1986. Ó wá fẹ́ Kollington Àyìnlá onífújì, ó sì bọ́ sí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ìyẹn náà parí ní 1994. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tètè mọ bí èyí ṣe le tó: ẹni tó jẹ́ ọkọ nílé, òun náà ni ọ̀gá níbi iṣẹ́. Bí ẹ bá jà lálẹ́, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ ó kọ̀wé ẹ̀sùn sí láàárọ̀? Síbẹ̀ Sàláwà ń kọrin lọ. Ní 1992, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà. Orin ló fi gba oyè náà, kò gbà á lọ́wọ́ ọkọ, nítorí náà nígbà tí ilé kejì tú, oyè kò bá a tú.

Ẹ̀sùn kan wà tí a ní sí i o. Oríkì àwọn olówó ti pọ̀ jù nínú orin rẹ̀. Ẹni tó ń wá ìtùnú á ti gbọ́ orúkọ alájọ àti oníkọ̀ǹtíráàkì títí, kó tó kan ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Onyeka Onwenu gbà ní tirẹ̀. Òun tó bá Sunny Adé kọrin ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní 1989, Yorùbá ni ó fẹ́, ìgbéyàwó náà sì dàrú. Kò dárúkọ ọkùnrin náà fáráyé rárá. Ó tọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń kọrin títí di alẹ́ 30 oṣù Keje 2024 tó ṣubú lẹ́yìn tó kọrin tán níbi àríyá kan ní Èkó, tó sì kú. Ìdákẹ́ náà ní iyì tirẹ̀.

Nítòsí wa níhìn-ín, Barmani Choge ti Funtua, tó kú ní 2013, kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ bo ẹnu. Pẹ̀lú igbá tí wọ́n dà bo ojú omi tí wọ́n ń lù, ó ń sọ fún obìnrin lédè Hausa pé kó wá iṣẹ́ ṣe. Àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Kàdúná gbọ́ èdè náà ju àwa ọkùnrin lọ, wọ́n sì ń jó o.

Ṣùgbọ́n níbi ayẹyẹ ọdọọdún wa, fújì àti jùjú là ń gbé sórí ẹ̀rọ láti àárọ̀. Bí wákà bá máa dé, àwọn obìnrin ti ń fọ abọ́, wọ́n ti ń to àga jọ.