Lager: Ọtí Tí Ó Ń Dúró

Nídìí ẹmu ni mo ti gbà pé ọtí tí ó bá sùn ti bàjẹ́: èyí tí a dá láàárọ̀ òní, ó kan lọ́la. Òṣùwọ̀n yìí ni mo kọ́kọ́ fi ṣe lámèyítọ́ lager, mo sì ṣì í wọ̀n. Ní èdè Jámánì, ìpamọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ní Bavaria, òfin ọdún 1553 ka ọtí pípọn léèwọ̀ nígbà ooru. Èyí tí wọ́n bá pọn nígbà òtútù ni wọ́n ń kó pamọ́ sínú àjà ilẹ̀ tútù.

Lónìí, fíríìjì ni àjà ilẹ̀ ẹni tí ń pọn ọn nílé. Ọtí náà yóò wà ní ìtutù tí ó súnmọ́ 0°C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà lè silẹ̀, kí ọtí sì mọ́ gaara. Ìkánjú ni mo bá ọ̀pọ̀ wọn wí sí. Bí òtútù bá tètè dé, ìwúkàrà yóò sùn kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí, òórùn bí i ti bọ́tà yóò sì kù nínú ife. Fíríìjì kì í tún ohun tí ìkánjú bàjẹ́ ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dúró ni ó ń rà. Òmíràn ń pọ́n ni.